Kí Wọ́n Yọ, Kí A Yọ̀: Lórí Ìpàtẹ Àwọn Àṣẹ̀ṣẹ̀yọ Ayàwòrán l'Ékòó

Àwọn kan nínú yín ti bi mí lẹ́ẹ̀melòó kan pé kí ni ẹni tó fi ọjọ́ ayé ẹ̀ ka sílébù ń wá kiri níbi ìpàtẹ àwòrán. Èsì mi kò gùn. Ibi tí ènìyàn bá ti ṣe nǹkan tuntun, ó di dandan kó wá orúkọ tó máa pè é. Ibi tí wọ́n bá sì ti ń wá orúkọ, iṣẹ́ tèmi wà níbẹ̀.

Ìpàtẹ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni Young Contemporaries, èyí tí ilé ìpàtẹ Rele dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 2016, tó sì ń ṣe lọ́dọọdún fún àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ìṣe méjì tí ohùn nìkan yà sọ́tọ̀: yọ àti yọ̀. Iṣẹ́ ayàwòrán ni kó yọ. Iṣẹ́ tiwa tí a wá wò ó ni ká yọ̀. Bí ìpàtẹ bá ṣe ti àkọ́kọ́ tí kò ṣe ti èkejì, ààbọ̀ iṣẹ́ ló ṣe.

Ohun tí ìpàtẹ ọdọọdún ń ṣe

Adenrele Sonariwo ló dá ilé ìpàtẹ náà sílẹ̀ ní 2015, ní agbègbè Oníkan. (Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Orúkọ àwọn ènìyàn òde òní, bí àwọn fúnra wọn ṣe ń kọ ọ́ ni mo kọ ọ́. Olórúkọ ló ni orúkọ.) Ní 2017, òun àti Emmanuel Iduma ni wọ́n jọ ṣètò àgọ́ tí Nàìjíríà kọ́kọ́ ní níbi ìpàtẹ ńlá Venice, lórílẹ̀-èdè Ítálì. Iṣẹ́ Peju Alatise, Victor Ehikhamenor àti Qudus Onikeku ló dúró fún wa níbẹ̀. Ní 2021, Rele ṣí ẹ̀ka sí Los Angeles. Lẹ́yìn náà, wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi iṣẹ́ ọnà ṣe eré ọwọ́ dilẹ̀ la ń sọ.

Ẹ wá wo ipò tí ọ̀dọ́ ayàwòrán máa ń wà. Ó jáde ní Yaba, ní Auchi, ní Nsukka tàbí ní Ifẹ̀. Ó gbé iṣẹ́ ẹ̀ lọ sí gálárì, wọ́n ní àwọn kò mọ orúkọ ẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ orúkọ ẹ̀ nígbà tí kò sí gálárì tó gbé iṣẹ́ ẹ̀ kọ́? Bí ìgbà tí wọ́n ní kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì lọ mú ìrírí ọdún márùn-ún wá kó tó ríṣẹ́ ni. Ìpàtẹ tó bá sọ gbangba pé àwọn tí ẹ kò tíì mọ̀ gan-an ni òun ń wá, ó ti já okùn yẹn.

Ohun kejì ni pé ó ń padà wá. Ìpàtẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, àríyá ni. Èyí tó bá ń padà wá lọ́dọọdún, ọdún ni, bí ìlú ṣe ń ṣe ọdún. Ènìyàn lè fi í ka ọjọ́. A lè gbé àwọn ti ọdún yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ká bi ara wa pé kí ló yí padà nínú ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń rò. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn iṣẹ́ ọnà ìgbà tiwa yìí máa rí okùn tó máa dì mú. Fún ohun méjì yìí nìkan, mo kí àwọn tó ṣe é, mo sì ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó rẹ̀ wọ́n.

Àṣẹ̀ṣẹ̀yọ

Ọ̀rọ̀ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún irú àwọn ayàwòrán bẹ́ẹ̀ ni emerging. Yorùbá ní tiẹ̀, tiẹ̀ sì tún kún jù ú lọ: àṣẹ̀ṣẹ̀yọ. Gbogbo wa la mọ òwe ọ̀gọ̀mọ̀: àṣẹ̀ṣẹ̀yọ ọ̀gọ̀mọ̀ tó lóun ó kan ọ̀run, àwọn aṣáájú rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Àgbàlagbà ló máa ń fi òwe yìí bá ọmọdé wí, èmi náà sì ti fi bá àwọn kan nínú yín wí rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀pẹ fúnra ẹ̀ dáadáa. Ọ̀gọ̀mọ̀ kì í dá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àárín orí ọ̀pẹ ló ti ń yọ, láàárín àwọn imọ̀ tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ẹ̀, lójú gbogbo ẹni tó bá gbójú sókè.

Oòrùn ń yọ, òṣùpá ń yọ, eyín ọmọ ń yọ. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, a kì í lo yọ bí kò bá sí ojú kan tó lè rí ohun tó yọ. Òṣùpá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé lálẹ́ ọjọ́ tó yọ. Àwa la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá sọ pé ayàwòrán kan ń yọ, ìbéèrè tó yẹ ká bi wọ́n ni pé: lójú ta ni?

Ohun tí Òṣogbo ti sọ ṣáájú

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ní 1961, àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Wọlé Ṣóyínká wà níbẹ̀, Chinua Achebe wà níbẹ̀, Christopher Okigbo wà níbẹ̀, àti Ulli Beier, ará Jámánì. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni mbari: ilé ọlọ́nà tí wọ́n máa ń mọ fún Ala, òrìṣà ilẹ̀, ní agbègbè Owerri. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀ ṣí irú ẹ̀ sí Òṣogbo ní 1962, àwọn ará ìlú gbọ́ orúkọ náà, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn: Mbari Mbayo.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì fonọ́lọ́jì mi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kọ́ńsónáńtì aránmú asesílébù tó wà nínú "ǹ bá" máa ń jọ kọ́ńsónáńtì tó bá tẹ̀ lé e. Níwájú b, m ló máa ń dà. "Ǹ bá rí i" lójú ìwé, "m̀ bá rí i" ni lẹ́nu. Etí Yorùbá gbọ́ ọ̀rọ̀ Ìgbò, ó sì bá gbólóhùn odidi kan pàdé nínú ẹ̀: m̀ bá rí, m̀ bá yọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Àwọn tó ń lọ sọ́jà, tó ń bọ̀ lọ́jà, ló túmọ̀ orúkọ náà fún ara wọn. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un sì dára ju ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ lórí iṣẹ́ ọnà lọ: rírí ló ṣáájú, ayọ̀ ló tẹ̀ lé e. Ẹ kíyè sí "bá" náà. Kò sọ pé mo ti yọ̀. Ó ní bí mo bá rí i ni. Ayọ̀ náà kò dájú, ẹni tó ń ṣe ìpàtẹ ló máa mú un dájú.

Àwọn wo ló yọ níbẹ̀? Jimoh Buraimoh ló ń bójú tó iná fún tíátà Dúró Ládípọ̀ kó tó di ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán. Òṣèré ni Muraina Oyelami nínú tíátà kan náà. Ijó ni Táíwò Ọláníyì, tí ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven, kọ́kọ́ bá wọlé. Wọ́n ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ fún wọn, èyí tí Georgina Beier darí ní 1964 sì wà lára èyí tó lókìkí jù. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní sàtífíkéètì. Ní 2005, UNESCO fi Twins Seven-Seven jẹ oyè aṣojú iṣẹ́ ọnà fún àlàáfíà.

N kò fẹ́ ká sọ Òṣogbo di ọ̀run rere. Ọwọ́ àwọn àlejò ni agbára ìpinnu wà, àwọn ló sì ra èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀kan nínú àkójọ tó kún jù nínú wọn, ó ní láti lọ sí Bayreuth ní Jámánì, ní Iwalewahaus tí Beier dá sílẹ̀ ní 1981. Àwọn ayàwòrán yọ, ìlú yọ̀, ẹrù sì lọ. Ṣùgbọ́n ìlú yọ̀ ná o. Ẹ jẹ́ ká rántí ìyẹn.

Ta ni ojúgbà ta ni?

Ẹ jẹ́ ká padà sí Èkó, ká yẹ orúkọ ìpàtẹ tòní wò. Young, ọ̀dọ́ nìyẹn. Contemporary ni kókó. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ yìí ní apá méjì. Apá kan ni "ti ìwòyí". Apá kejì ni "ojúgbà", ẹni tí ẹ jọ wà láyé lásìkò kan náà. Yorùbá kò da méjèèjì pọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí ó jẹ́ ká lè béèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣé iṣẹ́ náà jẹ́ ti ìwòyí? Kò sí iyèméjì. Ṣé ẹni tó ṣe é jẹ́ ojúgbà wa? Ojúgbà ta ni ká tiẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Ti ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tó wà ní ojúlé kejì sí i, àbí ti ayàwòrán tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù?

Mo dárúkọ Lọ́ńdọ̀nù torí ìpàtẹ kan ti jẹ́ orúkọ yìí níbẹ̀ rí. Ní 1949 ni Young Contemporaries bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1961 ló gbé David Hockney àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ jáde. Ní 1974, wọ́n yọ "ọ̀dọ́" kúrò nínú orúkọ náà, wọ́n fi "tuntun" rọ́pò ẹ̀: New Contemporaries. Ó sì tún wà títí di ìsinsìnyí. N kò sọ pé ti Èkó jí orúkọ wọn lò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀dọ́ àti tuntun. Ọ̀dọ́, ọjọ́ orí ni. Tuntun, ojú ẹni tó ń wò ló wà. Obìnrin tó ti tọ́ ọmọ mẹ́rin dàgbà kó tó gbé búrọ́ọ̀ṣì lè jẹ́ tuntun. Àṣẹ̀ṣẹ̀yọ gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ọ̀dọ́ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Oríta mẹ́ta

Nígbà tí Rele ṣí ẹ̀ka Los Angeles ní 2021, ìpàtẹ tí wọ́n fi ṣílé jẹ́ Orita Meta, wọ́n sì fi Crossroads ṣe ìtumọ̀ ẹ̀. Obìnrin mẹ́ta ló ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, lára àwọn ọ̀dọ́ tí ilé náà ti ń gbé lárugẹ: Marcellina Akpojotor, Tonia Nneji àti Chidinma Nnoli. Inú mi dùn sí orúkọ náà. Wọ́n lè sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí àmì ohùn lórí ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò ní ṣì í kà, nítorí náà n kò bá wọn jà lórí ìyẹn.

Ìtumọ̀ ni mo fẹ́ bá wọn fà. Crossroads Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà kan ló dábùú ọ̀nà kejì. Ẹnu mẹ́rin ló ní. Oríta mẹ́ta ní ẹnu mẹ́ta: ibi tí o ti ń bọ̀, àti méjì tí o ní láti yan ọ̀kan nínú wọn. Kò sí èyí tó lọ tààrà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ibi ẹbọ, ibi Èṣù, oríta mẹ́ta tí í dààmú àlejò. Ẹni tó bá ka Crossroads nìkan, ọ̀nà kan tí kò sí níbẹ̀ ni wọ́n fi kún un fún un, wọ́n sì ti gba ìdààmú lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìdààmú yẹn gan-an ló sì wà nínú iṣẹ́ àwọn obìnrin yìí. Akpojotor ń fi àgékù Ańkárá, ohun tí télọ̀ ń gbá dànù, lẹ ara àti aṣọ àwọn obìnrin inú àwòrán ẹ̀. Ìyàwó ilé, ìyá, ọmọbìnrin tó ń kàwé: aṣọ tí àwọn ará àdúgbò ti wọ̀ ló di ẹran ara wọn. Nneji ń ya obìnrin tí aṣọ bò mọ́lẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé àìsàn tó ń bá òun fínra, èyí tí kò hàn lójú, ló wà nídìí ẹ̀. Àwọn obìnrin Nnoli dákẹ́ láàárín òdòdó, pẹ̀lú ìdákẹ́ ọmọ tí wọ́n tọ́ nínú ilé Kátólíìkì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú ilé wo Nneji díẹ̀. Wọ́n lè sọ fún àlejò pé aṣọ inú àwòrán ẹ̀ jẹ́ ẹ̀wà tàbí àṣà. Yorùbá máa sọ pé aṣọ ń bo àṣírí. Lójú kan náà, àwòrán náà yí padà: aṣọ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ mọ́, ohun tó ń gba obìnrin náà lọ́wọ́ ìtìjú ni, òun náà ló sì ń pa á mọ́ kúrò lójú ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Gbólóhùn kan péré ló ṣe iṣẹ́ yìí. Nneji kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tó gbọ́ gbólóhùn yìí ló sì yí i ká. Ta ló máa sọ ọ́ fún ẹni tó wá wò ó?

Ìwé pélébé tó wà lára ògiri

Ibi tí ẹjọ́ mi wà nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ ìpàtẹ tí mo ti lọ l'Ékòó àti n'Íbàdàn, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló wà lára ògiri, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí ènìyàn fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Bí Yorùbá bá yọjú, orúkọ iṣẹ́ ni, láìsí àmì. Ní ibì kan tí n kò ní dárúkọ, mo rí àwòrán kan tí wọ́n kọ "Igba" sí lábẹ́. Igbá ni, ìgbà ni, igba ni, àbí igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ? Obìnrin kan gbé nǹkan roboto dání nínú ẹ̀, agogo sì wà lára ògiri lẹ́yìn ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ayàwòrán náà fẹ́ ká máa ṣiyèméjì láàárín igbá àti ìgbà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n níbi tí kò ti sí àmì lórí ohunkóhun rí, n kò lè mọ ọgbọ́n yàtọ̀ sí àìbìkítà. Ẹni tó bá máa ń fi àmì sọ́rọ̀ nìkan ló lè fi àìfàmìsí ṣe eré.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún ti ń sọ ọ́ láti ọdún pípẹ́, ó sì kó o jọ sínú ìwé ẹ̀, Yoruba Art and Language, ní 2014: a kò lè lóye iṣẹ́ ọnà Yorùbá bí a bá ya èdè kúrò lára ẹ̀. Ojú ọnà, ojú inú, ìfarabalẹ̀, ìlutí: àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń díwọ̀n iṣẹ́ wà nílẹ̀ ṣáájú gálárì. Bí mo bá sọ pé ìfarabalẹ̀ wà nínú bí Akpojotor ṣe ń lẹ àgékù aṣọ mọ́ ara wọn, télọ̀ tó ni àgékù náà máa mọ ohun tí mo ń sọ, ó sì lè bá mi jiyàn lé e. Ìgbà yẹn ni òun náà ti di olùwò.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Prófẹ́sọ̀, ilé ìtajà ni gálárì. Ẹni tó ń rà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Télọ̀ kò ní ra àwòrán." Òótọ́ ni. N kò bínú sí ọjà. Ayàwòrán ní láti jẹun, àwọn tó ń tà á ní ìlú òkèèrè sì ń ṣe é lóore. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí a ṣe ń ṣe fírídọ́ọ̀mù fún ọmọ iṣẹ́. Ọ̀gá máa gbàdúrà fún un, á gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, lójú òbí, lójú ará àdúgbò, lójú àwọn tí kò ní aṣọ kankan láti rán lọ́jọ́ yẹn. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n wá jẹ́rìí ni. Àwọn ló máa sọ fún ẹni tó bá ń wá télọ̀ lọ́la pé, "Ọmọ yẹn, a wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó gba fírídọ́ọ̀mù." Oníbàárà lè fún ọmọ iṣẹ́ lówó. Ẹlẹ́rìí ló ń fún un ní orúkọ nílùú ẹ̀.

Ọmọ tí kò bá ní ẹlẹ́rìí nílé, ọwọ́ ọjà nìkan ló wà. Ìpàtẹ ọdọọdún sì ní ewu tiẹ̀ níbẹ̀, torí ọdún tó ń bọ̀, àwọn mìíràn ló kàn. Yọ ní ohùn àárín, yọ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n yọ́ ohùn òkè náà wà: bí òrí ṣe ń yọ́ nínú oòrùn. Ẹni tó yọ lọ́dún yìí lè yọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, bí ojú ọjà bá ti kúrò lára ẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ohun mẹ́ta ni, kò sì sí èyí tó wọ́n nínú wọn. Èkíní, kí ìwé ara ògiri wà ní èdè tí àwọn ará Èkó ń sọ: Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì, àti Pijin pẹ̀lú. Kí wọ́n má ṣe túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ lọ́rọ̀-dọ́rọ̀ o. Kí wọ́n ní kí ẹni tó gbọ́ èdè náà wo àwòrán náà, kó sì sọ ohun tó rí. Èkejì, bí ayàwòrán bá fi Yorùbá sọ iṣẹ́ ẹ̀ lórúkọ, kí wọ́n bi í bó ṣe ń pè é, kí wọ́n sì fàmì sí i. Ìṣẹ́jú méjì ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń kà mí ló lè ṣe é fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn ará ilé àwọn ayàwòrán náà: òbí, ọ̀gá àtijọ́, télọ̀ tó fún wọn ní àgékù aṣọ, àwọn aládùúgbò. Kí wọ́n pè wọ́n bí a ṣe ń pe ènìyàn sí fírídọ́ọ̀mù, kí ọmọ náà fi ẹnu ara ẹ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀ fún wọn ní èdè ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wà l'Ékòó nígbà tí wọ́n bá tún ṣe é, ẹ lọ wò ó. Ẹ mú ẹnì kan tí kò wọ gálárì rí dání, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé kí ló rí. Ẹ kọ èsì ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ kà á.